Ọkọ̀ Tó Ń Sùn Nítòsí Ilé

Jáàkì ẹ̀yìn kò fẹ́ dúró. Awakọ̀ fi orúnkún gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó tún pákó abẹ́ rẹ̀ tò, ó yí irin, ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn wọnú ọkọ̀ lọ wo ìwọ̀n kékeré tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ róbótó kan ń rìn nínú omi rẹ̀, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà kọ̀, kò dúró láàárín. Bó bá gbé ọ̀tún ọkọ̀ sókè, á sá lọ. Bó bá gbé òsì, á tún sá padà, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ fún.

Àwọn obìnrin ti ń tò lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ń wò ó bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Ìyá kan béèrè bóyá ọkọ̀ ọ̀hún ni wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò lónìí.

Kò-Gbọdọ̀-Mì ni wọ́n ń pe awakọ̀ yìí níbi iṣẹ́, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọyàn ló wà nínú ọkọ̀ ńlá tó ń wà, èyí tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ lára obìnrin kó tó di ohun tí ọwọ́ lè bà. Bí ọkọ̀ bá mì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àwòrán á dàrú, wọ́n á sì tún obìnrin náà fún mọ́ irin tútù lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn nígbà tí iná pupa ń tàn, ohùn tí yóò gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni, "Kò gbọdọ̀ mì o." Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní orúkọ yìí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, òun gan-an ló ń mì.

Ìyàwó rẹ̀ ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gé ẹran bíńtín lára ọyàn rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní jẹjẹrẹ ni. Ìyẹn ti di ohun tí wọ́n mọ̀; wọ́n ti sunkún rẹ̀, wọ́n sì ti nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán gbogbo ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àìsàn náà ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èsì ìyẹn ló lọ gbà lónìí. Bó bá ṣì jókòó sínú ọyàn, wọ́n á gé e, wọ́n á fi oògùn lé ìyókù rẹ̀, obìnrin náà á sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Bó bá ti rìn kúrò níbẹ̀, dókítà ò parí gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ náà. Ó kàn wo bírò ọwọ́ rẹ̀.

Kò-Gbọdọ̀-Mì ti fẹ́ tẹ̀ lé e. Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tán láàárọ̀, èyí aláwọ̀ búlúù tó ní àmì ọkọ̀ àyẹ̀wò láyà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ń wọ bàtà.

"Ẹ lọ síbi iṣẹ́ yín, ọkọ mi," obìnrin náà wí. "Àwọn èèyàn ń dúró."

"Mo lè gbàyè."

"Kí ẹ gbàyè kí ẹ wá ṣe kí ni? Tí ẹ bá jókòó tì mí níbẹ̀, ẹsẹ̀ yín á máa gbọ̀n, bẹ́ńṣì á máa mì. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan mì lónìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín nítorí pé ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ẹni tó bá obìnrin yìí jiyàn nínú ilé yẹn tó jàre. Awakọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó jáde, ó sì ti ń kábàámọ̀ kó tó dé ẹnu géètì.

Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ inú ìwọ̀n gbà láti dúró. Ó tan ẹ̀rọ amúnáwá, ó so wáyà, ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ayàwòrán, yọ orí síta, ó sì ní kí ẹni àkọ́kọ́ máa bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti wà ní tuntun ni òun àti awakọ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tí awakọ̀ náà sì ń pè é ní àǹtí nítorí ipò rẹ̀. Wọn kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ara wọn. Síbẹ̀, awakọ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ àìsàn ìyàwó rẹ̀ fún un. Gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu láti sọ ọ́, ó máa ń dà bíi pé ẹ̀sùn ló fẹ́ fi kàn án.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì ṣòro láti lóye. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Kí àjàkálẹ̀-àrùn tó dé, òun ló ń fọ àwọn aṣọ funfun tí àwọn obìnrin ń wọ̀ nínú ọkọ̀, àwọn tó ń ṣí níwájú. Nírọ̀lẹ́, yóò wá sí ọgbà tí ọkọ̀ ń sùn sí, tí kò ju ẹ̀yìn ilé wọn lọ, yóò gbé èyí tó mọ́ sílẹ̀, yóò sì kó èyí tó dọ̀tí. Bí ọdún bá ti yí po, ní ọ̀kan nínú irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, Ayàwòrán á pè é láti ojú fèrèsé: "Ìyàwó wa, ẹ gòkè wá kí n yà yín kí n tó pa iná." Kì í gba déètì, kì í tò, kì í bá àwọn yòókù kọ orúkọ. Kì í pẹ́ tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, tí yóò gbé ẹrù aṣọ rẹ̀, tí òun àti ọkọ rẹ̀ yóò sì jọ rìn lọ sílé. Èrè ìyàwó awakọ̀ nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé pé èèyàn kì í gbé etí odò kó fi itọ́ ṣan ọwọ́.

Kòrónà dé. Ìjọba ní kónílé ó gbélé. Wọ́n da ọ̀rá ńlá bo ẹ̀rọ inú ọkọ̀, wọ́n to àga síbẹ̀, ọkọ̀ náà sì di ti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti òpópónà dé òpópónà, tí wọ́n ń ki òwú bọ imú àwọn èèyàn. Àìsàn kan ti lé òmíràn jáde kúrò nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí àwọn tí déètì wọn pé ní sùúrù. Inú Kò-Gbọdọ̀-Mì dùn nígbà náà, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Òun ló ń jáde nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sílé tí wọ́n ń ka àjà, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún ọkọ̀ rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ níbi tó jókòó sí, wọ́n sì dúró de irin tí wọ́n á fi tún un ṣe títí tó fi sú wọn. Ìgbà tí ọkọ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀ ni ọ́fíìsì ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun mìíràn sì ti yí padà. Nítorí ìbẹ̀rù àrùn, kò sí aṣọ funfun mọ́. Aṣọ bébà ni, ìlò ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ nù. Kò sí ẹni tó bá alágbàfọ̀ jà. Aṣọ tí yóò fọ̀ ni kò sí. Nítorí náà kò wá sí ọgbà nírọ̀lẹ́ mọ́. Kò sì sí ẹni tí wọ́n á rí láti ojú fèrèsé tí wọ́n á pè.

Awakọ̀ rò pé bí àyè bá yọ, Ayàwòrán á sọ̀rọ̀ bó ti máa ń sọ. Ìyàwó rẹ̀ rò pé bí àyè bá yọ, ọkọ òun á ní kí òun wá. Ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wọn bí ìkòkò orí iná tí kálukú rò pé ẹnì kejì ti sọ̀ kalẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú fèrèsé alágbàfọ̀ ni ọkọ̀ náà ń gbà kọjá lálaalẹ́ lọ sí ọgbà. Obìnrin náà á wà nídìí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, á sì juwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń juwọ́. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì juwọ́. Kò-Gbọdọ̀-Mì rí i. Ó rò pé áyọ́ọ̀nù ló wà ní ọwọ́ kejì.

Ìgbà tí obìnrin náà kò lè gbé apá sókè láti fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ mọ́ ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó jókòó sórí aṣọ àwọn oníbàárà, ohun tí kì í ṣe rí. Ọkọ rẹ̀ béèrè pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀, ó ní òun rò pé ìrora áyọ́ọ̀nù ni.

Lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkọ̀ ń dún wùùù. Òòrùn ti ń mú. Kò-Gbọdọ̀-Mì yí ọkọ̀ ká, ó fẹsẹ̀ gbá táyà tí kò ṣe nǹkan kan, ó yọ fóònù, ó wò ó, ó dá a padà sápò, kó tó gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ó tún yọ ọ́. Kò sí ohun kankan. Ó bú ilé ìwòsàn nínú ọkàn rẹ̀. Ó tún bẹ ilé ìwòsàn nínú ọkàn rẹ̀, kí èébú náà má baà dé ibi tí kò yẹ.

Lórí ìlà, obìnrin kan ń ròyìn pé wọ́n ti fún òun ní déètì kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ òun ṣì ń rá. Ọmọ ọ̀hún ti ń kàwé fún òun báyìí. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ìyá tó sọ̀rọ̀ fọ́tò láàárọ̀ ní òun ti fẹ́ máa lọ sílé, nítorí pé kò sí ohun tó ń ṣe òun. Bí wọ́n bá yẹ òun wò tí wọn ò rí nǹkan kan, gbogbo ìdúró yìí á já sásán.

"Ẹ dúró, mà," ni Kò-Gbọdọ̀-Mì wí.

Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó béèrè bóyá òun jẹ ẹ́ ní gbèsè ni. Ó wù ú kó sọ fún un pé kò sí ohun tó dùn tó kí ìdúró èèyàn já sásán, pé bí wọ́n bá lè sọ irú rẹ̀ fún ìyàwó òun lónìí, òun á jó láti ibí dé ilé. Ṣùgbọ́n ó kàn tọrọ àforíjì, ó lọ gbé àga wá fún un. Ìyá náà jókòó, ojú rẹ̀ ṣì le.

Ìgbà yẹn ni fóònù dún. Kò-Gbọdọ̀-Mì yọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan, ó wá ibi tó lè sá sí, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló sì sún mọ́ ọn jù. Ó fò gun àtẹ̀gùn. Gbogbo ọkọ̀ mì. Iná pupa ń tàn lókè orí rẹ̀ kedere. Ohùn tó wà nínú fóònù, ti ẹ̀rọ ni; ó ń sọ fún un pé ó lè fi orin dídùn síbi tí àwọn tó ń pè é yóò ti máa gbọ́ ọ.

Ẹnì kan lórí ìlà ní, "Kò gbọdọ̀ mì o," gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ayàwòrán ṣílẹ̀kùn. Ó wo awakọ̀, ó wo àtẹ̀gùn, ó sì tún wo awakọ̀. Ó ní kí obìnrin inú lọ́hùn-ún jọ̀wọ́ fara dà á, àwọn á tún un yà. Nígbà tó yà á tán, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀, ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó sì wá jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kò-Gbọdọ̀-Mì, tó ti ń retí ìbáwí.

Kò bá a wí. Ó ní ó dájú pé àgbà ti ń dé sí ẹ̀gbọ́n òun, tàbí kó jẹ́ pé ìyàwó wọn ni kò fún wọn lóúnjẹ àárọ̀. Ó bu búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́.

"Ìyàwó wa sì ti pa wá tì," ó wí. "Láti ìgbà tí a ti ń lo aṣọ bébà yìí, mi ò fojú kàn án. Ẹ ní kó wá nírọ̀lẹ́ òní. Àwọn tó wà níbí ò pọ̀ púpọ̀, màá yà á kí n tó pa iná."

Gbólóhùn tí Kò-Gbọdọ̀-Mì ti ń retí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó dé lónìí, tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu. Inú bí i sí obìnrin náà débi pé ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Kò pẹ́ tí ìbínú yẹn fi yọ́ kúrò lórí rẹ̀, tó sì padà wá jókòó sórí òun fúnra rẹ̀, níbi tó ti mọ́ ọn lára.

"Ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá," ó wí. "Wọ́n ti rí i lára rẹ̀, àǹtí. Òní ni wọ́n máa sọ bó ṣe rìn jìnnà tó."

Ayàwòrán dẹ́kun jíjẹ. Kò béèrè pé kí ni wọ́n rí. Ẹni tó ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í béèrè. Ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ lórí irin àtẹ̀gùn, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Mi ò pè é," ó wí. "Mo rò pé ó ti lọ ṣe é níbòmíràn. Mo ní ìyàwó awakọ̀ ni, ta ló máa gbàgbé rẹ̀."

"Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀."

"A jọ gbàgbé rẹ̀ ni."

Kò sí ẹni tó rẹ ẹnì kejì lẹ́kún nínú wọn. Obìnrin tó kàn lórí ìlà ti dìde, báàgì rẹ̀ ti wà léjìká, ó ń wo ẹnu wọn. Ayàwòrán na ọwọ́ sí awakọ̀, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá, kó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀. Kò-Gbọdọ̀-Mì rán an létí pé awakọ̀ kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀, pé òfin ni. Ayàwòrán ní òun mọ òfin, ọkọ̀ náà ò sì lọ síbì kankan; bí ọ́fíìsì bá béèrè, òun lòun rán an níṣẹ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ní kí obìnrin tó kàn máa bọ̀.

Kò-Gbọdọ̀-Mì rìn, ó sáré, ó wọ tákísí. Awakọ̀ tákísí náà kò lè pa ẹnu mọ́. Ó ní ìgbà kónílé-ó-gbélé ni òun gbádùn ìlú jù, kò sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà, èèyàn lè gbọ́ ohùn ẹyẹ. Kò-Gbọdọ̀-Mì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níwájú rẹ̀, ó ń tẹ iná tí kò sí níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdarí lọ́wọ́ onítákísí. Ó ń gbàdúrà, ó sì ń gbìyànjú láti rántí òwe tí ìyá rẹ̀ máa ń pa, pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Kò mọ̀ bóyá ìtùnú ló wà nínú òwe náà tàbí ìkìlọ̀.

Nílé ìwòsàn ńlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn tó ń dúró de dókítà gùn, ó sì kún. Àwọn téèpù pupa tí wọ́n fi sàmì sára bẹ́ńṣì nígbà àrùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó síbẹ̀, ṣì wà, wọ́n ti ń bó. Àwọn èèyàn jókòó lé wọn lórí báyìí. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun, lẹ́bàá ògiri, ó gbé báàgì lé itan, ẹ̀yìn rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, obìnrin kan tó jókòó tì í ti rí bó ṣe ń wò ó. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ ni ìyá yìí. Ó ní kó bá àwọn bá a sọ̀rọ̀ o, àwọn nọ́ọ̀sì ti pè é, wọ́n sì tún ti pè é, ó kàn ń sọ fún àwọn míì pé kí wọ́n máa wọlé ṣáájú òun. Òun náà ti jàǹfààní rẹ̀, òun ló kàn báyìí, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun.

Alágbàfọ̀ gbójú sókè. Kò yọ̀ láti rí ọkọ rẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Ayàwòrán ní kí n wá."

"Ẹ sọ fún un?"

"Mo sọ fún un."

Ó mí kanlẹ̀, ó wo ilẹ̀. Kò-Gbọdọ̀-Mì jókòó sórí téèpù pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti rò pé akọni ni obìnrin yìí láàárọ̀, tó ń wọ bàtà tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó tutù bí aṣọ tí wọn ò tíì sá.

"Tí mi ò bá tíì wọlé," ìyàwó rẹ̀ wí, "kò tíì sí nǹkan kan."

Ó yé e. Òun náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú fóònù, tó ń rọ̀ ọ́ kó dún, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má dún. Nọ́ọ̀sì yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Kí ó tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni, Kò-Gbọdọ̀-Mì ti dìde.

"Wá, jẹ́ ká wọlé," ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó dà bíi pé ó fẹ́ ní kó padà síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i, ó sì dìde.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó pè wọ́n ní màmá àti bàbá, ó ní kí wọ́n jókòó, ó ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí Kò-Gbọdọ̀-Mì rí i pé ó ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó ti mọ̀.

"Ó ti kúrò nínú ọyàn," dókítà wí. "A rí i lábíyá, a sì rí i nínú egungun ẹ̀yìn. Nítorí náà a ò ní sọ̀rọ̀ gígé báyìí. Oògùn la ó máa lò, láti dá a dúró síbi tó dé. Ó lè dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, mà, pé a lè lé e jáde pátápátá."

Kò-Gbọdọ̀-Mì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yé e, ó sì ṣe é bíi pé kó ní kí ọkùnrin náà tún un sọ, bóyá èyí tó sọ yìí ti dàrú. Ó wù ú kó yí tábìlì dànù. Ó wù ú kó sunkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú.

Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá òun ṣì lè máa lọ aṣọ. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ èyí tí kò wúwo, kó sì máa sinmi. Ó mi orí. Ó tún béèrè bóyá oògùn náà máa ń mú irun re. Dókítà ní èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún mi orí, bí ẹni tí wọ́n bá dúnàádúrà tó sì gbà.

Dókítà fa ìwé kan sún mọ́ra, ó ní àwọn ìbéèrè díẹ̀ wà tí òun gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ó béèrè bóyá ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ní irú rẹ̀ rí. Rárá. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n ya àwòrán ọyàn rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀," obìnrin náà wí.

"Lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan padà sípò ńkọ́? Ọkọ̀ kan wà tó ń káàkiri fún un. Kò sí ẹni tó pè yín?"

"Ọkọ̀ yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ wa," ìyàwó awakọ̀ wí. "A ò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Dókítà gbé orí sókè kó tó kọ ọ́, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ẹ̀wù búlúù tó wà níwájú rẹ̀, sára àmì tó wà láyà rẹ̀. Ó wò ó. Ó wo ojú obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Kò-Gbọdọ̀-Mì la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti wá láti abẹ́ àga, ó ti tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ tí apá obìnrin yìí ti kọ̀ tí kò gòkè mọ́ ni ọkọ rẹ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi jẹ́wọ́ fún un, pé òun lòun jẹ́ kó pẹ́, òun tí òun ń gbé ọkọ̀ náà kọjá lójú fèrèsé rẹ̀ lálaalẹ́. Ó ti ro bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa sunkún, ó ti ro bó ṣe máa bínú. Kò rò ó rí pé ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó ti rò ó síwájú sẹ́yìn nídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì ti pinnu ohun tí yóò fi ṣe. Ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì tó ń mì kọ́ ló mú kó lé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n á béèrè ìbéèrè yìí, kò sì fẹ́ kí ọkọ òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀.

Dókítà ṣí ojú ìwé kejì. Ó béèrè oúnjẹ tó máa ń jẹ, àti bó ṣe ń sùn sí, obìnrin náà sì ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sì gbé e kúrò.